Ìtẹ́dìí Aṣọ: Ìwọ̀n Eku Ni Ìwọ̀n Ìtẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọba, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjòyè. Ọ̀rọ̀ ìdí ọmọdé ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ojú yẹpẹrẹ wò ó, nítorí àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí ìlẹ̀kẹ̀ tó dé ìdí ọmọ, nǹkan mìíràn ti kọ́kọ́ dé ibẹ̀, òun sì ni ọ̀pọ̀ òbí ń ná owó lé lórí lójoojúmọ́ láì jókòó ṣírò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo dúró ní ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ọjà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wọlé, ó pọn ọmọ tó tó ọdún kan ààbọ̀. Ó ní, "Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mú pámpáàsì." Ìyá ọlọ́jà dáhùn pé, "Èwo nínú rẹ̀, ìyá ọmọ?" Ó ní, "Pámpáàsì Molfix ni, mà. Ẹyọ mẹ́ta." Ó ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó nà án sí ìyá náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ẹyọ mẹ́ta! Ọmọ tó ti ń rìn kò ní lo ẹyọ mẹ́ta di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé ẹni tí kò lówó láti ra odidi páálí ló ń ra ọjà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí iye tó ń san lórí ẹyọ náà a sì máa ju ti ẹni tó ra odidi lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi lọ́kàn délé, tí mo fi mú gègé.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu ọ̀dọ́mọbìnrin náà, nítorí èdè ni iṣẹ́ wa níbí. Pampers jẹ́ orúkọ ọjà ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ọdún 1961 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Molfix jẹ́ ọjà ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ti ilẹ̀ Tọ́kì wá. Síbẹ̀, "pámpáàsì Molfix" kò ta etí ẹnikẹ́ni nínú ìsọ̀ náà, kò sì ta etí èmi náà títí mo fi délé. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe sọ gbogbo ọṣẹ ìfọyín di Mákílíìnì, tí a sì sọ gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú di Ómò. N kò bá èdè jà lórí èyí. Èdè tó wà láàyè a máa yá ọ̀rọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lé gbogbo àlejò kúrò lẹ́nu wa yóò rí i pé ilé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀ sí èyí. Nígbà tí orúkọ ọjà kan bá gbé orúkọ ohun fúnra rẹ̀ mì, ìbéèrè kan a sọnù. Ìyá ọlọ́jà bèèrè pé "èwo nínú rẹ̀?", ìyẹn ni pé irú pámpáàsì wo. Kò sí ẹni tó bèèrè pé kí ni kí a fi di ìdí ọmọ yìí. Bẹ́ẹ̀ a ní ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra: ìtẹ́dìí, ohun tí a tẹ́ sí ìdí. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìlédìí. Àwọn ìyá wa tó bímọ ní ogójì ọdún sẹ́yìn a máa pe èyí tí wọ́n fi aṣọ ṣe ní nápíkìn, wọ́n sì ní púpọ̀ rẹ̀ lórí okùn ìsáṣọ. Ìtẹ́dìí lè jẹ́ aṣọ, ó sì lè jẹ́ èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a tó jù ú nù, tí n ó máa pè ní àlòsọnù nínú àròkọ yìí. Ẹni tó bá bèèrè ìtẹ́dìí ní ọjà, méjèèjì ló yẹ kí wọ́n gbé síwájú rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé fún ilé tí owó kò pọ̀, aṣọ ló yẹ kó jẹ́ ìtẹ́dìí ọmọ tó ti ń rìn. Ṣùgbọ́n mo fi nǹkan méjì lé e. Èkíní, kì í ṣe gbogbo ìtẹ́dìí aṣọ ló yẹ olówó kékeré. Èkejì, bí a kò bá ṣírò iṣẹ́ fífọ̀ mọ́ ọn, a kò tíì ṣírò rárá.

Ẹ wo bí owó ṣe rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa sọ iye rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, dọ́là kan kò tó 500 náírà ní ìdíyelé ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 yóò fi parí, ó ti lé ní 1,500. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, Procter & Gamble tó ni Pampers kéde pé òun yóò dẹ́kun ṣíṣe ọjà ní Nàìjíríà, pé láti òkè òkun ni òun yóò máa kó o wọlé. Ní ọdún 2024, Kimberly-Clark tó ni Huggies náà kéde pé òun ń kúrò ní Nàìjíríà. Òwú tí wọ́n fi igi ṣe, àti èròjà tó ń sọ ìtọ̀ di ohun dídì bí ẹ̀kọ tútù nínú ìtẹ́dìí àlòsọnù, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Báyìí ni ìtọ̀ ọmọ tó wà ní Ìkirè ṣe di ohun tí dọ́là ń dá sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé àti bírò. Bí ọmọ bá ń lo ìtẹ́dìí àlòsọnù 5 lóòjọ́, yóò lo 150 lóṣù, yóò sì lo 1,825 lọ́dún. Ká ní ẹyọ kan jẹ́ 150 náírà, kí a kàn fi ṣe àpẹẹrẹ; ọdún kan yóò jẹ́ 273,750 náírà. Ní apá kejì, ká ní a ra aṣọ 24 ní 1,500 ẹyọ kan, ìyẹn jẹ́ 36,000. Ká ra pátá ìbora 4 ní 3,000 ẹyọ kan, ìyẹn jẹ́ 12,000. Ká wá fi 6,000 náírà sílẹ̀ lóṣooṣù fún omi àti ọṣẹ, ìyẹn jẹ́ 72,000 lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120,000. Èyí tó kù lọ́wọ́ jẹ́ 153,750 náírà. Kí olúkúlùkù fi iye ọjà àdúgbò rẹ̀ rọ́pò iye tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, kó tún un ṣírò. Ẹ má sì gbàgbé pé bí àbúrò bá tẹ̀lé ọmọ yìí, aṣọ náà ṣì wà nílẹ̀. Pátá ìbora díẹ̀ nìkan ni a ó tún rà.

Irú aṣọ wo ni kí a wá rà? Oríṣi mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni aṣọ onígun mẹ́rin gbalasa, irú ti táwẹ̀lì tàbí òwú fẹ́lẹ́, tí ìbú rẹ̀ àti gígùn rẹ̀ jẹ́ bíi 60 sẹ̀ǹtímítà. À ń ṣẹ́ ẹ po, à ń fi pínnì dè é, a ó sì wọ pátá tí omi kì í gbà kọjá lé e lórí. Èkejì ni èyí tí wọ́n ti rán àárín rẹ̀ kó nípọn, kí ìṣẹ́po má baà pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta ni oníàpò: ara òde rẹ̀ kì í jẹ́ kí omi kọjá, ó ní bọ́tìnnì tí a lè fi dín in kù tàbí fi fẹ̀ ẹ́, a ó sì ti aṣọ tó ń mu omi bọ inú àpò rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí wọ́n rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan, tó jọ àlòsọnù jù lọ. Ẹ̀kẹrin yìí ló rọrùn láti wọ̀ fún ọmọ, òun náà ló wọ́n jù, òun ló sì pẹ́ jù kó tó gbẹ. Bí rọ́bà ìtan rẹ̀ bá já, gbogbo rẹ̀ ló di àìlò.

Ìdí ọmọ oníàpò a máa dára lójú, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa wu ìyá. N kò bú ẹni tó bá rà á. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra oníàpò 20 lẹ́ẹ̀kan náà, tó wá ra mẹ́rin, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sí ẹyọ mẹ́ta mẹ́ta ní ìsọ̀ ìyá ọlọ́jà, nítorí mẹ́rin kò lè gbẹ kí ọmọ tó tún tọ̀. Aṣọ onígun mẹ́rin ni mo fara mọ́. Nígbà tí a bá tú u ká, ìpele kan ṣoṣo ni, nítorí náà oòrùn a tètè gbà á, ọṣẹ a sì wọ ibi gbogbo lára rẹ̀. Nígbà tí a bá ṣẹ́ ẹ po, ó di ìpele mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a sì lè fi èyí tó nípọn jù sí iwájú fún ọmọkùnrin, sí àárín fún ọmọbìnrin. Bí ọmọ bá ń dàgbà, ọ̀nà ìṣẹ́po la ó yí padà, a kò ní ra òmíràn. Nígbà tí ọmọ bá kúrò lórí ìtẹ́dìí, ó di aṣọ ìnuwọ́ ní ilé ìdáná.

A kò sì ní láti ra gbogbo rẹ̀ ní tuntun. Táwẹ̀lì òkìrìkà tó mọ́, tí kò tíì jẹra, a ṣeé gé sí igun mẹ́rin kí aránṣọ bá wa ká etí rẹ̀. Ìró òwú tó ti gbó, tó ti rọ̀, dára fún inú. Àǹkárá tuntun ni kì í tètè mu omi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìgbéraga ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n mo rí i pé òótọ́ pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀. Àpótí àkísà ìyá àgbà jẹ́ ọrọ̀. Láti inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mú aṣọ tí wọ́n fi ń nu ọmọ, tí wọ́n sì fi ń tẹ́ ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó na án, kí wọ́n tó gbé ọmọ jókòó lé e láti tọ̀ tàbí láti yàgbẹ́.

Ọmọ tó ti ń rìn yàtọ̀ sí ìkókó. Kì í tọ̀ ní ìgbà púpọ̀ bíi ti ìkókó, ṣùgbọ́n nígbà tó bá tọ̀, ó pọ̀. Ó ń sáré, ó ń gun àga, ó sì ti mọ bí a ṣe ń tú nǹkan. Nítorí náà, kí pínnì jẹ́ èyí tí orí rẹ̀ ní ìdè, kí a sì máa fi ọwọ́ wa sáàárín pínnì àti awọ ọmọ nígbà tí a bá ń gún un. Kí a pààrọ̀ aṣọ ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, nítorí aṣọ kì í fi ìtọ̀ pamọ́ bíi ti àlòsọnù. Bí ó bá pẹ́ lára, ìdí ọmọ yóò pọ́n, yóò sì bó. Ní òru, kí a fi aṣọ méjì lé ara wọn. Kí a sì má ṣe fi òrí kun ìdí ọmọ ní àkúnjù, nítorí ọ̀rá a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, aṣọ náà kò sì ní mu omi mọ́. Ìdí kan náà ni mo fi sọ pé kí a má ṣe da oje olóòórùn dídùn tí ń mú aṣọ rọ̀ sí omi tí a fi ń ṣàn án.

Ọ̀nà fífọ̀ rẹ̀ kò le. Kí a gbọn ìgbẹ́ sínú ṣáláńgá, kí a fi omi tútù ṣàn án, kí a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí a tún ṣàn án títí ìfóòfó yóò fi tán, kí a sì sá a sínú oòrùn gangan. Àjọ tó ń mójú tó àyíká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 2005, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2008. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọwọ́ tí a fi ń fọ ìtẹ́dìí aṣọ ló ń pinnu bóyá ó sàn fún ilẹ̀ ayé ju àlòsọnù lọ. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ ẹ́ a máa ba àǹfààní rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó bá ń sá a sórí okùn, tó ń fọ púpọ̀ pa pọ̀, tó sì lò ó fún ọmọ kejì, jèrè. Okùn ìsáṣọ àti oòrùn, ta ló ní wọn jù wá lọ? Èyí tí a ń jù sí gọ́tà àti sí ààtàn ní tiwa kò sì ní jẹrà lójú wa.

Ewu méjì wà tí n kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀ láì sọ. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ Áfíríkà tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ ọ̀rinrin tí a sá sábẹ́ ibòji tàbí sórí ilẹ̀. Nígbà tí ẹyin náà bá pa, ìdin rẹ̀ a wọ inú awọ ọmọ, ojú ibẹ̀ a sì wú bí eéwo. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni oògùn rẹ̀. Kí a lọ aṣọ náà dáadáa, títí dé etí rẹ̀, pàápàá ní àkókò òjò. Èkejì ni káńfọ̀ tí a ń sọ sínú àpótí aṣọ. Èròjà kan tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD, kò tó lára ọ̀pọ̀ ọmọ wa, àwọn ọkùnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Káńfọ̀ lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ní ti ọmọ tuntun, ó lè ba ọpọlọ jẹ́ tàbí kó gba ẹ̀mí. Nítorí náà, ẹni tó bá gba ìtẹ́dìí tí ẹ̀gbọ́n ọmọ lò tẹ́lẹ̀ láti inú àpótí, tí òórùn káńfọ̀ wà lára rẹ̀, kó má ṣe fi kan ara ọmọ rárá. Aṣọ kì í ṣe ohun tó wọ́n ju ọmọ lọ.

Mo wá dé ibi tí bàtà ti ń ta ẹsẹ̀. Ta ni yóò fọ̀ ọ́? Nínú ìṣirò tí mo ṣe lókè, mo fi owó sílẹ̀ fún omi àti ọṣẹ, n kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ọwọ́ tó fọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń yin ìtẹ́dìí aṣọ, tó ń sọ pé "ṣebí nápíkìn ni ìyá wa fi tọ́ wa", kò fọ ẹyọ kan rí. Aṣọ bíi 12 lọ́jọ́ kejì-kejì, omi tí a ní láti fà nínú kànga tàbí tí a ní láti rà lọ́wọ́ ọlọ́mọláńkẹ́, ẹ̀yìn tó ń ro ìyá lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́: bí gbogbo èyí bá já lé ìyá nìkan lórí, a kò fi owó pamọ́. Ara ìyá la gbé owó náà kà. Mo sọ ọ́ láì fi bò pé ìyá tó wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, tó yàn láti ra ẹyọ mẹ́ta, kò ṣe ọ̀lẹ, kò sì ṣe ìná-àpà. Òun nìkan ló ṣe ìṣirò tó pé.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí tọkọtaya rà kí wọ́n tó ra aṣọ ni ìpinnu. Kí bàbá ọmọ mọ ọjọ́ tirẹ̀ nídìí ọpọ́n. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ẹ̀gbọ́n ọmọ bá ti tó ọdún mẹ́wàá, ó lè sá aṣọ, ó lè kó o wọlé kí òjò tó dé. Ilé tí kò bá lè ṣe èyí, kó ra aṣọ díẹ̀, kó sì da méjèèjì pọ̀: aṣọ nígbà tí ọmọ bá wà nílé, àlòsọnù nígbà ìrìn àjò, ní òru, àti ní jẹ́lé-ó-sinmi tí wọn kò bá gba aṣọ. Ilé tó ń lo 5 lóòjọ́, tó bá lè fi aṣọ rọ́pò 3, yóò dín 1,825 kù sí 730 lọ́dún. Èrè náà kò ní pọ̀ tó ti ẹni tó lo aṣọ pátápátá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyá yóò sinmi díẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ èrè. Ẹni tí omi wọ́n jù ní àdúgbò rẹ̀, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn ìgbẹ́ gbuuru, kó lo ohun tó bá rọrùn fún un láì tijú.

Èrò mi kò kọjá èyí. Mo ṣì ń rántí ọ̀dọ́mọbìnrin tó ka owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tó bèèrè ni, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, irú ìtẹ́dìí wo lẹ ní?", bóyá ìyá ọlọ́jà ì bá na ọwọ́ sí orí pẹpẹ òkè, kó gbé aṣọ onígun mẹ́rin wálẹ̀, kó da eruku orí rẹ̀ nù, kó sì sọ iye rẹ̀ fún un. Ó lè máà rà á. Ṣùgbọ́n yóò ti rí i.

Kí Olódùmarè bá wa wo àwọn ọmọ wa. Ó dìgbà o.